Ta ni yóò tún òdòdó ara mọ́sálááṣí Shitta-Bey ṣe?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde, torí inú ń bí mi. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá ni mo mú ọmọ ọmọ mi méjì lọ sí Òpópónà Martins, ní Erékùṣù Èkó, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí mọ́sálááṣí Shitta-Bey. Agboòrùn àwọn oníṣòwò, wáyà iná àti èrò ọjà kò jẹ́ kí a rí iwájú rẹ̀ dáadáa títí a fi sún mọ́ ọn. Èyí obìnrin nínú wọn bi mí pé, “Bàbá àgbà, ta ló kọ́ ọ?” N kò tíì lanu tí ọkùnrin kan tó fi káàdì iṣẹ́ ìjọba kọ́rùn fi dá a lóhùn pé àwọn òyìnbó Potogí ni. Mo ní, “Àbúrò, kò rí bẹ́ẹ̀ o.” Ó ní, “Bàbá, èwo ni tiyín nínú ẹ̀? Ilé àtijọ́ sáà ni.”

Ilé àtijọ́ sáà ni! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun, nítorí irú ẹ̀mí tí àwọn tó yẹ kó dáàbò bo ilé wa fi ń jókòó sí ọ́fíìsì nìyẹn.

Mohammed Shitta ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ mọ́sálááṣí náà. Waterloo ní Sàró (Sierra Leone) ni wọ́n bí i sí, Yorùbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí ni àwọn òbí rẹ̀, òwò tó ṣe títí dé agbègbè Odò Ọya ló sì sọ ọ́ di olówó. João Baptista da Costa ni ọ̀gá tó yàwòrán ilé náà, tó sì mójú tó iṣẹ́. Àgùdà ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ti Bràsíìlì padà sílé. Sanusi Aka, bíríkìlà ọmọ ilẹ̀ yìí, ló bá a ṣe é. Ẹ wo iwájú ilé náà, bí orí rẹ̀ ṣe tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀, bí fèrèsé rẹ̀ ṣe tẹ̀ bí ọrun, àti òdòdó tí wọ́n fi pílásítà ṣe sí ara ògiri. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe òdòdó wọ̀nyẹn, ọwọ́ àwọn ènìyàn wa. Ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Carter, gómìnà òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, wà ńbẹ̀, Abdullah Quilliam, òyìnbó tó gba ẹ̀sìn Mùsùlùmí, sì wá láti Liverpool ṣojú Sultan Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì. Ọjọ́ náà ni wọ́n fi oyè Bey, oyè ọlá ilẹ̀ Tọ́kì, dá Shitta lọ́lá, tí Sultan sì rọ àwọn Mùsùlùmí Èkó pé kí wọ́n fi ọmọ wọn síwèé. Ọdún kejì ni bàbá náà jáde láyé. Ẹni tó ń gba owó oṣù lórí ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́ kò mọ èyí, ọmọdé ló sì ń kọ́.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, a gba Pópó Àgùdà kọjá. Ilé kan tí mo mọ̀ láti kékeré, tó ní òpó onírìngindìn àti ewé pílásítà lókè ilẹ̀kùn, ti di òkìtì iyẹ̀pẹ̀. Olóòtú, mo dúró níwájú ibẹ̀, n kò lè sọ̀rọ̀. À ń wó ohun tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó tún lè kọ́ ọ mọ́! Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wò ó, wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé, wọ́n ń kọjá lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé òfin wà. Ilé Ilọ́jọ̀, tí àwọn ìdílé Fernandez kọ́ sí Tinubu ní 1855, ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti 1956. Síbẹ̀, oṣù Kẹsàn-án 2016 ni wọ́n wó o lulẹ̀. Àwa Mùsùlùmí pàápàá kò mọ́ lọ́wọ́. Mọ́sálááṣí Jímọ̀ Èkó àtijọ́ tí wọ́n ṣí ní 1913, a wó o ní 1983, a sì ṣí tuntun ní 1988. Mo ń kírun nínú tuntun náà, ó tóbi, ó sì ń kó èrò. Ṣùgbọ́n mo rántí iwájú èyí àtijọ́, ó sì ń dùn mí.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe nìyí. Kí wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọṣẹ́ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgùdà, ogún ọ̀dọ́ péré, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ bíríkìlà díẹ̀. Kí wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń gbẹ́ mọ́ọ̀dù sára igi, bí a ṣe ń fi ọ̀bẹ kékeré gé ewé lára pílásítà tí kò tíì gbẹ, àti bí a ṣe ń po àpòpọ̀ tí yóò bá ògiri àtijọ́ mu. Bàbá mi tó jẹ́ bíríkìlà máa ń sọ pé ògiri àtijọ́ ń mu omi, ó sì ń mí i jáde. Tí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì líle rẹ́ ẹ, ọ̀rinrin á há sínú, ara ògiri á wú, á máa já bọ́. Mo ti rí i nílé àwọn ẹbí wa: wọ́n ha òdòdó kúrò, wọ́n lẹ táìlì ilé ìwẹ̀ mọ́ iwájú ilé, kò tó ọdún mẹ́ta tí táìlì náà fi ń já. Bí ọmọṣẹ́ bá ti yege, kí òfin sọ pé àwọn nìkan ló lè fọwọ́ kan ara ilé tí ìjọba ti kéde. Kí àwọn olówó Mùsùlùmí àti Kátólíìkì jọ san owó iṣẹ́ wọn, torí àgùdà yàwòrán mọ́sálááṣí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Kí wọ́n gbé àwọn agboòrùn náà sún sẹ́yìn pẹ̀lú. Kí àwọn olùkọ́ máa kó ọmọ iléèwé wá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọṣẹ́ yìí ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Bàbá kan ṣoṣo ló kù ládùúgbò wa tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ mọ́ọ̀dù òdòdó. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́, èkejì ti ń ṣú.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Bíríkìlà,
Ìsàlẹ̀ Èkó.