Gángan inú tábúlẹ́ẹ̀tì ń dún, kò fọhùn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwọn tó ń fi iPad àti tábúlẹ́ẹ̀tì Android ṣe orin sábà máa ń sọ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè lu gángan kí èèyàn gbọ́ ohun tó ń wí. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò yadi. Àwọn tó kọ áàpù ló gbé gángan sí ipò tí kì í ṣe tirẹ̀, àwa tí à ń lò ó sì fi í sílẹ̀ bí a ṣe bá a.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á gba ohùn ìlù mẹ́ta sílẹ̀, ti ìsàlẹ̀, ti àárín àti ti òkè, wọ́n á tò wọ́n sórí bọ́tìnnì mẹ́ta, ó parí. Dò, re, mí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́, èyí tó ń yọ̀ láti ohùn kan bọ́ sí òmíràn, dà? Ta ló fẹ́ lu "Ẹ káàbọ̀" láìsí i? "Ẹ" dúró ní àárín. "Káà" bẹ̀rẹ̀ lókè, ó rọra yọ̀ wálẹ̀ lórí kọ̀ǹgọ́ kan ṣoṣo. "Bọ̀" gúnlẹ̀ sísàlẹ̀. Kọ̀ǹgọ́ mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀. Lórí bọ́tìnnì, ẹ ó ní láti lu mẹ́rin, ìlù á sì máa kólòlò.

Pitch bend, ìdarí tó ń fa ohùn sókè tàbí sísàlẹ̀, ni oògùn rẹ̀, ó sì ti wà nínú MIDI, èdè tí àwọn ohun èlò orin ti fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti 1980 ó lé díẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ lọ láti 0 dé 16383. 8192 ni ibi tí ohùn kò ti gòkè tí kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ̀n tí a sábà máa ń bá lórí áàpù ni sémítóònù 2 (sémítóònù kan ni àlàfo láti kọ́kọ́rọ́ dùùrù kan sí èyí tó tẹ̀lé e), ìyẹn tó fún gìtá, kò tó fún gángan. Ẹ gbé e sí 12.

Ibi tí àṣìṣe tó burú jù wà nìyí: wọ́n á fi ohùn àárín sí 8192, bíi pé re ni gángan tí ẹnikẹ́ni kò fún máa ń dún. Ẹni tó bá ti gbé gángan kọ́ èjìká rí mọ̀ pé bí ọṣán bá dẹ̀, dò ló ń dún. Fífún mọ́ abẹ́ abíyá ló ń gbé e ròkè. Ìlù tí ọṣán rẹ̀ dẹ̀ ni kí ẹ gbà sílẹ̀, òun ni kó wà ní 8192. Bí ẹ bá fi sémítóònù 4 sáàárín ohùn kan àti èkejì, re á bọ́ sí 10923, mí á bọ́ sí 13653, ẹ ó sì tún ní àyè lókè fún ìgbà tí ìlù bá fẹ́ pariwo. Sémítóònù 4 yẹn kì í ṣe òfin o, etí yín ni kí ẹ fi tún un ṣe. "Ẹ káàbọ̀" wá di: lu ní 10923; lu ní 13653 kí ẹ sì fà á wá sí 8192 láàárín nǹkan bí mílísẹ́kọ́ńdì 150; lu ní 8192.

Ohun tó máa ń bà á jẹ́ kò ju mélòó kan. Bí nọ́ńbà bend bá dé lẹ́yìn ìlù, ohùn á kọ́kọ́ dún sódì kó tó sáré lọ síbi tó yẹ. Bend ni kó ṣáájú. Bí ẹ bá tẹ quantize, tó ń to ìlù sójú àsìkò, ọ̀pọ̀ áàpù á sún ìlù, wọ́n á fi bend sílẹ̀ níbi tó wà, ọ̀rọ̀ á sì yí. Ẹ fi bend sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti tò ó tán. Bend kan ló ń darí gbogbo ohun tó wà lórí channel (ojú ọ̀nà MIDI) kan, nítorí náà ẹ má fi gúdúgúdú sórí channel kan náà pẹ̀lú gángan. Gúdúgúdú kì í yọ ohùn, àfi tí ẹ bá fẹ́ kó máa hu bí ajá. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹ̀rọ tó ń tún ohùn akọrin ṣe sórí ìlù yìí, torí gbogbo yíyọ̀ náà ni yóò gé sí àtẹ̀gùn.

Ohun tí ẹ ó tún gbọ́ ni pé bí ohùn ṣe ń gòkè, ariwo kọ̀ǹgọ́ lára awọ náà ń gòkè, ìlù á wá dà bí èkúté. Ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀: ariwo kọ̀ǹgọ́ sórí ipele kan tí bend kò kàn, ohùn awọ sórí ìkejì.

Ní ti ohùn tó ń pẹ́ kó tó jáde, buffer (iye ìdá ohùn tí ẹ̀rọ ń kó jọ kó tó gbé e jáde) 256 ní 48000 Hz (ìdá ohùn 48000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 5 ó lé díẹ̀. 1024 jẹ́ 21. Ẹ lo 128 tàbí 256 nígbà tí ẹ bá ń lu, kí ẹ gbé e sókè nígbà tí ẹ bá ń pa orin pọ̀. Íápíìsì Bluetooth lè fi ohun tó ju 100 lọ kún un, kò sí onílù tó lè bá ìyẹn rìn. Íápíìsì oníwáyà ni kí ẹ lò.

Àpótí 16 tí wọ́n máa ń tò síbẹ̀ fún ìlù, ìṣísẹ̀ kan fún àpótí kan, ẹ dín in kù sí 12 fún agogo. Ẹ fi àmì sí 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12. Agogo bembé (àríyá òrìṣà) tí àwọn Lùkùmí, ìran Yorùbá, ń lù ní Kúbà nìyẹn, etí Yorùbá kò sì ní ṣàjèjì sí i.

Ẹ̀yin tó ń kọ áàpù, ẹ jọ̀ọ́: nínú callback ohùn, ibi tí ẹ̀rọ ti ń wá gba ohùn lọ́wọ́ áàpù, ẹ má ṣí fáìlì, ẹ má tọrọ mẹ́mọ́rì, ẹ má dúró de lock (ìlẹ̀kùn tí iṣẹ́ mìíràn tì). Ní buffer 128, mílísẹ́kọ́ńdì 2.7 péré lẹ ní, bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ohùn á máa já pàpà. Lórí Android 8.0 sókè, ẹ lo AAudio, ọ̀nà ohùn Android tí kì í pẹ́, tàbí Oboe, àkójọ kóòdù tó gbé e wọ̀. Ẹ béèrè sample rate (iye ìdá ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) lọ́wọ́ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ẹ má kọ 44100 síbẹ̀ lọ́wọ́ ara yín. Bí ẹ̀rọ bá wà ní 48000, ìlù á fi nǹkan bíi sémítóònù kan àti ààbọ̀ ga ju gìtá lọ. Ẹ má fi CC (nọ́ńbà ìdarí MIDI mìíràn) lásán ṣe yíyọ̀ náà, torí ìṣísẹ̀ 128 péré ló ní, etí á sì máa gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lójú gíláàsì, ẹ fi ọ̀pá gígùn kan sí ọwọ́ òsì, kí ó dúró bí abíyá. Ìka tó bá gòkè lórí rẹ̀ ń fún ọṣán. Ìka tó bá kúrò, kí ohùn já padà sí dò. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi ojú awọ sí. Kí ẹ tún rántí òsì, torí onílù tó ń lo ọwọ́ òsì pọ̀, kí ẹ fi ibi tí wọ́n ti lè pa wọ́n dà sínú ètò.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.