Má Hú Ọgbà Náà

Àkànkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ. O ní o fẹ́ hú gbogbo ohun tó wà nínú ọgbà ilé yín, kí o lè gbin kìkì ewéko ìbílẹ̀ síbẹ̀. Inú mi dùn sí i gan-an, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má hú u. Igi tó ń ṣíji bolé, òdòdó tí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, fi wọ́n sílẹ̀. Ilẹ̀ tí a bá hú kanlẹ̀, èpò ló máa ń kọ́kọ́ gbà á, òjò a sì wọ́ erùpẹ̀ ojú rẹ̀ lọ. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ọ̀kan bá kú, tàbí tí o rí àlàfo, ibẹ̀ ni kí o gbin ti ìbílẹ̀ sí.

Ewéko àjòjì tó ń sá kúrò nínú ọgbà wọ inú igbó nìkan ni kí o má ṣàánú. Irú rẹ̀ ni lantana. Amẹ́ríkà ló ti wá, ẹwà òdòdó rẹ̀ ni wọ́n sì torí rẹ̀ gbé e káàkiri. Ẹyẹ ń jẹ èso rẹ̀, wọ́n ń tú kóró rẹ̀ ká, ó sì ti di ìyọnu ní Áfíríkà, Éṣíà àti Ọsirélíà.

Kí o tó ra ohunkóhun, wo ibi tí oòrùn ń dé àti ibi tí omi ń dúró sí. Ewéko etí odò kò ní fẹ́ràn ẹ̀gbẹ́ ògiri tó gbẹ, bó ti wù kó jẹ́ ìbílẹ̀ tó. Ewéko kékeré ni kí o rà, torí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń tètè mú ilẹ̀ ju ti ńlá tó ti pẹ́ nínú ike. Má lọ hú u nínú igbó o. Gbin irú kan náà mẹ́ta mẹ́rin pọ̀, kí oyin lè tètè rí i. Wọ́n á sọ fún ọ pé ewéko ìbílẹ̀ kò nílò ìtọ́jú. Ní ọdún àkọ́kọ́, má gbà wọ́n gbọ́: máa bomi rin ín.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni pé lọ́jọ́ tí o bá rí ihò lára ewé, kí o má sáré gbé oògùn apakòkòrò. Ohun tí o torí rẹ̀ gbìn ín, pé kí kòkòrò àti ẹyẹ lè rí jẹ, ló bẹ̀rẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ kòkòrò ajẹwé ló jẹ́ pé ewé díẹ̀ péré lara wọn gbà. Labalábá monarch ti Àríwá Amẹ́ríkà, ewé ewéko kan tí wọ́n ń pè ní milkweed nìkan ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Bí ọgbà kan bá kún fún òdòdó tí kò sí milkweed níbẹ̀, labalábá náà lè rí mu, kò lè tọ́mọ. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ tó ń jẹ kóró pàápàá, kòkòrò ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ wọn nínú ìtẹ́. Ewé tí kòkòrò kankan kò jẹ kò bọ́ ẹnikẹ́ni.

Sọ fún ọkọ rẹ kí ó má gbá gbogbo ewé gbígbẹ kúrò lábẹ́ igi, kí ẹ sì fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ láìbò, torí púpọ̀ nínú àwọn oyin tó ń dá gbé, inú ilẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ ihò wọn sí. Ya àwòrán ọgbà náà sí mi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ká jọ wo ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ