Ẹ má fi iná ka orí èèyàn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo rí àwọn àwòrán ìlú ńláńlá tí ẹ tẹ̀ sí ojú ewé àárín, àwọn tí wọ́n yà láti òfurufú lálẹ́. Wọ́n rẹwà, n kò jiyàn. Ohun tí ẹ kọ sábẹ́ wọn ni n kò fara mọ́, pé ibi tí iná bá pọ̀ sí ni èèyàn pọ̀ sí. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni mo ṣe jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í sì í ré mi kọjá.

Iná ni kámẹ́rà rí, kò rí èèyàn. Ẹ wo gúúsù Nàìjíríà dáadáa, lápá ibi tí wọ́n ti ń wa epo: iná ń tàn yòò nínú igbó àti lórí omi. Gáàsì tí wọ́n ń dáná sun ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Kòríà Àríwá wá ṣókùnkùn bí òkun láàárín Ṣáínà àti Kòríà Gúúsù, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 20 ló sì ń gbé ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Bí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán, Àgọ́-Ìwòyè àti Òdógbólú á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, bẹ́ẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ wà nílé tí wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ lé ẹ̀fọn. (Ọ̀sán ni èrò Ojúde Ọba ń kún Ìjẹ̀bú-Òde, àwòrán òru kò lè gbọ́ nípa rẹ̀ láéláé.)

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ẹ kò mẹ́nu bà. Ibùdó òfurufú tí wọ́n ti ń ya àwòrán wọ̀nyí, ilé tí èèyàn ń gbé inú rẹ̀ tó ń yí ayé po lókè, ga tó nǹkan bí 400 kìlómítà, ó sì ń sáré tó bí 28,000 kìlómítà ní wákàtí kan. Láti orí Ṣàgámù dé orí Ìjẹ̀bú-Òde, kò tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Lálẹ́, ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ là fún ìgbà díẹ̀ kó tó gba iná wọlé, ìlú á sì ti sá lọ, àwòrán á wá fà ràdàràdà. Don Pettit, ará Amẹ́ríkà tó gbé ibẹ̀ láti 2002 wọ 2003, ló ṣa àwọn ohun tó rí nínú ibùdó náà jọ, ó fi wọ́n ṣe ohun tó ń yí kámẹ́rà díẹ̀díẹ̀ kó lè máa tẹ̀ lé ìlú tó wà nísàlẹ̀. Awọnlẹ̀ gidi!

Bí ẹ bá tún fẹ́ tẹ irú rẹ̀, ẹ fi ti ọ̀sán kún un. Ọ̀sà Èkó á hàn kedere. Erédò Sùngbọ́ tiwa, odi àti yàrà àtijọ́ tó gùn ju 160 kìlómítà lọ, tí ògiri rẹ̀ ga tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀ yàrà níbòmíì, kò ní í hàn ní tirẹ̀, torí igbó ti bò ó. Ẹ rán ayàwòrán yín wá fẹsẹ̀ rìn ín. Màá mú un wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kó wá, ẹ̀gbẹ́ yàrà náà máa ń yọ̀ lásìkò òjò.

Èmi ni,
Awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìjẹ̀bú-Òde.