Ìkéde: Ìpàdé Lórí Ètò Ààbò Níbi Tí Èrò Bá Pọ̀ Sí

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmójútó.

Ìpàdé wa yóò wáyé ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, ní gbọ̀ngàn wa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fẹ́ jíròrò: ta ni yóò máa pàṣẹ lọ́jọ́ tí èrò bá ya dé?

Ní Manchester lọ́dún 2017, bọ́ǹbù pa ènìyàn 22 níbi eré orin. Ó lé ní wákàtí méjì kí àwọn panápaná tó dé ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ ò wọ́n o. Àwọn ọ̀gá wọn ni ò gbọ́ ara wọn yé. Ní Seoul, olú ìlú South Korea, lọ́dún 2022 ẹ̀wẹ̀, kò sí bọ́ǹbù rárá. Èrò tó fún pọ̀ ní ọ̀nà tóóró ló gba ẹ̀mí 159, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn ti ń pe ọlọ́pàá láti wákàtí mélòó kan ṣáájú. Èyí gan-an ló ń kọ mí lóminú jù.

Kí olórí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan mú àwòrán ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, àbájáde àti ọ̀nà ọkọ̀ aláìsàn wá. Èyí tí ẹ fọwọ́ yà náà dára. Kí ó kọ orúkọ ẹni tó láṣẹ láti ti ẹnu ọ̀nà tàbí dá ayẹyẹ dúró sí i, àti ti igbákejì rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀ bóyá ẹ ó wá. Ẹni tí kò bá ní lè wá, kó fi aṣojú ránṣẹ́.

Akọ̀wé ẹgbẹ́