Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ àwa òṣìṣẹ́ bàálù náà wò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà bàbá tó ní kò yẹ kí wọ́n máa yẹ páílọ́ọ̀tì wò ní ẹ́ápọ́ọ̀tì, pé ẹni tí odidi bàálù wà lọ́wọ́ ẹ̀, kí ni wọ́n tún ń wá ọ̀bẹ lára ẹ̀ sí. Bàbá, ẹ má bínú o, ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nínú bàálù l'Amẹ́ríkà níbí, àwa la máa ń sọ pé kẹ́ ẹ de bẹ́líìtì yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ni wọ́n ń yẹ̀ wò, wọn ò tíì mọ̀ bóyá páílọ́ọ̀tì ni lóòótọ́.

Lọ́jọ́ 7 oṣù Disẹ́ńbà 1987, ọkùnrin kan tí ilé iṣẹ́ bàálù USAir ti lé torí dọ́là 69 owó ọtí tí wọ́n ní ó jí, ó wọ ẹ́ápọ́ọ̀tì Los Angeles, wọn ò tíì gba ID kádì lọ́wọ́ ẹ̀, òun ló fi gba ẹ̀gbẹ́ síkiọ́rítì kọjá tòun tìbọn, kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Ó wọ bàálù PSA 1771 tó ń lọ San Francisco, ọ̀gá tó lé e wà nínú ẹ̀. Ó yìnbọn lókè níbẹ̀, bàálù já, èèyàn 43 kú, kò sẹ́ni tó yè. Mẹ́ta nínú wọn, iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí náà ni wọ́n ń ṣe. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ ọ́ dòfin pé kí òṣìṣẹ́ náà máa gba àyẹ̀wò bíi pàsẹ́ńjà, kí wọ́n sì gba kádì ẹni tí wọ́n bá lé lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tó di 2011, wọ́n ṣètò Known Crewmember fún páílọ́ọ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ bàálù fi ń kọjá láìgba àyẹ̀wò bíi pàsẹ́ńjà, àwa náà bá wọn dé ibẹ̀ nígbà tó yá. Nígbà náà, èèyàn máa ń fi ID méjì hàn, fọ́tò ẹ̀ máa ń jáde lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì rí i bóyá ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí wọn ò wò ní 1987 gan-an nìyẹn. Síbẹ̀ wọ́n ṣì máa ń ṣàdédé fa ẹnì kan yọ pé kó wá gba àyẹ̀wò, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí ní 2016 wọ́n fa ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ wa yọ ní Los Angeles, ló bá bọ́ bàtà, ó sá lọ, kokéènì rẹpẹtẹ ni wọ́n bá nínú báàgì tó fi sílẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà míì. Ní ẹ́ápọ́ọ̀tì kan, aago mẹ́rin ìdájí, ọ̀gbẹ́ni kan ń fa àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú àwọn pàsẹ́ńjà tí mo fẹ́ lọ sọ fún láìpẹ́ pé kí wọ́n jókòó, kí wọ́n gbọ́ tèmi. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ojú wọn nínú bàálù. Ẹ fún wa ní kọ́tìnì, kí obìnrin máa yẹ obìnrin wò, kí wọ́n wá tú báàgì yẹn dé ìsàlẹ̀ pátápátá, mi ò ní ráhùn.

Òṣìṣẹ́ bàálù kan,
Houston, Texas