Gbígba iṣẹ́ lọ́wọ́ eléré ìdárayá tó lu ìyàwó rẹ̀: ta ló ń jẹ ìyà rẹ̀?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Bó bá ti hàn síta pé eléré ìdárayá kan lu ìyàwó tàbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀, àwọn èèyàn a máa pín sí méjì. Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ lọ́kọláya ni, pé kí ló kan kíláàbù níbẹ̀, ṣebí orí pápá kọ́ ló ti nà án. Àwọn yòókù á ní kí wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. N kò sí lẹ́yìn àwọn ti àkọ́kọ́ rárá. Ṣùgbọ́n àwọn ti ẹ̀yìn yìí ni mo torí wọn kọ̀wé, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn dùn ún gbọ́ létí, bẹ́ẹ̀ obìnrin tí wọ́n lù máa ń jẹ nínú ìyà ìlédànù yẹn ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Agbára wà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́, ká má tan ara wa. Nínú ìwé àdéhùn tí àwọn agbábọ́ọ̀lù NFL, líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, ń tọwọ́ bọ̀, ìpínrọ̀ 11 fún kíláàbù láyè láti fòpin sí iṣẹ́ ẹni tí ìwà rẹ̀ bá kó àbùkù bá wọn. Kò ní kó jẹ́ ìwà orí pápá nìkan. Ìwé àdéhùn àwọn tó ń gbá besibọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, náà ní kí wọ́n máa hùwà bí ọmọ ìlú rere. Ẹni tó bá ní ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé kò kan ibi iṣẹ́ kò tíì ka ohun tí agbábọ́ọ̀lù fọwọ́ sí. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lo agbára náà, àti ọjọ́ tí wọ́n ń lò ó, ni wàhálà wà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ Ray Rice, ká tò ó ní ọjọ́ ní ọjọ́. Baltimore Ravens ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún; ní 2012 ó tọwọ́ bọ àdéhùn ọdún márùn-ún tí owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù 35 dọ́là. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 2014, nínú lífítì Revel, ilé tẹ́tẹ́ ńlá kan ní Atlantic City, ó gbá àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Janay Palmer, lẹ́ṣẹ̀ẹ́, obìnrin náà sì dákú. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, fídíò ibi tó ti ń wọ́ ọ jáde ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta, wọ́n fẹ̀sùn kàn án. Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì ṣègbéyàwó. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, wọ́n gbà á sínú ètò kan ní New Jersey tó wà fún ẹni tó ṣẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́: bó bá ṣe gbogbo ohun tí wọ́n là sílẹ̀ parí, wọ́n á fagi lé ẹ̀sùn, kò ní ṣẹ̀wọ̀n.

Ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún yìí kan náà, Ravens kó tọkọtaya náà síwájú àwọn oníròyìn. Lẹ́yìn náà ni kíláàbù gbé e sórí Twitter pé Janay ní òun kábàámọ̀ ipa tí òun kó nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Agbanisíṣẹ́ ẹni tó lù ú ló ń polongo àbámọ̀ ẹni tí wọ́n lù! Ọ̀rọ̀ yẹn wà níbẹ̀ títí di oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò.

Èyí tó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ wáyé ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà. Roger Goodell, ọ̀gá àgbà NFL, pè wọ́n sí ọ́fíìsì láti gbọ́ tẹnu wọn. Rice wà níbẹ̀. Janay wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ọ̀gá Ravens, Ozzie Newsome àti Dick Cass, náà wà lórí ìjókòó. Báwo ni obìnrin ṣe fẹ́ sọ òótọ́ inú rẹ̀ níṣojú ẹni tó lù ú, àti níṣojú àwọn tó ń san owó tí wọ́n fi ń jẹun? Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú yàrá yìí, ẹnì kejì wà níkàlẹ̀, wọn ò kàn jẹ́ kó lè lanu ni. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí kì í bi tọkọtaya ní ìbéèrè pọ̀. Ọjọ́ ọ̀tọ̀, ilé ọ̀tọ̀ tí kì í ṣe ti kíláàbù, agbẹjọ́rò ọ̀tọ̀. Ẹni tó kọ́ nípa bí a ṣe ń bá ẹni tí wọ́n lù sọ̀rọ̀ ni yóò béèrè. Wọn kò sì gbọdọ̀ sọ ohun tí ìyàwó wí létí ọkọ.

Ní ọjọ́ 24 oṣù keje, NFL ní kí Rice lọ rọ́ọ́kún nílé fún ìdíje méjì péré. Ariwo ta. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ, Goodell kọ̀wé sí àwọn tó ni kíláàbù pé òun ṣì í ṣe, ó sì fi òfin tuntun lélẹ̀: ìdíje mẹ́fà láìgbowó fún ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n lé e kúrò nínú líìgì, ó dìgbà tọ́dún kan bá pé kó tó lè bẹ̀bẹ̀ láti padà. Nígbà tó di ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, fídíò inú lífítì gan-an jáde. Lọ́jọ́ yẹn náà, Ravens gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, NFL sì ní kó máa wà nílé títí láìlọ́jọ́.

Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé kí ló yí padà. Ẹ̀ṣẹ́ tó gbá a ní oṣù kejì ni wọ́n wò ní oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí Barbara Jones, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ tẹ́lẹ̀, gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tí Rice pè, bí onílàjà, ó ní Rice kò parọ́ fún líìgì, pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fìyà ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo jẹ ẹ́. Ó fagi lé ìdájọ́ kejì ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá. Àdéhùn tó wà láàárín líìgì àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù sì sọ ọ́ kedere pé bí líìgì bá ti fìyà jẹ èèyàn lórí ìwà kan, kíláàbù kò tún gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹ́ lórí ìwà yẹn kan náà. Rice pe Ravens lẹ́jọ́ lórí owó oṣù rẹ̀ tó ń lọ sí mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ dọ́là, wọ́n sì parí rẹ̀ láàárín ara wọn ní oṣù kìíní 2015. Báyìí ni ìyà tí wọ́n fi ìbínú fi jẹni ṣe máa ń rí: àtàtà ní gbangba, ó sì wó nígbà tó dé iwájú onílàjà. Bí wọ́n bá ti fún un ní ìdíje mẹ́fà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tí ì bá rí i yí padà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mi ò lè gbójú fò. Ní sáà 2013, Rice kò sáré ju 660 yáàdì lọ, ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá gbé bọ́ọ̀lù sáré, kò sì ju yáàdì mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wúwo. Ó rọrùn fún kíláàbù láti fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi í wé ti Greg Hardy ti Carolina Panthers: ní oṣù keje 2014, adájọ́ dá a lẹ́bi pé ó lu ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n ní kó dúró sílé, síbẹ̀ wọ́n san owó ọdún náà fún un, mílíọ̀nù 13.1 dọ́là, bẹ́ẹ̀ ìdíje kan péré ló gbá. Ní oṣù kejì 2015, ẹjọ́ tú ká nítorí pé obìnrin náà kò yọjú. Oṣù tó tẹ̀ lé e, Dallas Cowboys ti gbà á síṣẹ́. Líìgì dá a dúró fún ìdíje mẹ́wàá, onílàjà sì gé e kù sí mẹ́rin.

Ní besibọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ owó tún yàtọ̀. Owó tó wà nínú ìwé àdéhùn tiwọn dájú, kíláàbù tó bá lé èèyàn gbọ́dọ̀ san án tán. Líìgì ní kí José Reyes jókòó fún ìdíje 51 ní 2016 lórí ẹ̀sùn pé ó lu ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Colorado Rockies lé e, tí wọ́n sì ń san èyí tó kù, tó lé ní mílíọ̀nù 35 dọ́là. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, New York Mets mú un ní owó tó kéré jù lọ tí líìgì fàyè gbà. Ìlédànù níbẹ̀ kò ju pé ó kó ẹrù láti ìlú kan lọ sí òmíràn. Ní NFL ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ owó inú àdéhùn kò dájú. Ẹni tí wọ́n bá lé lónìí, owó ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti lọ nìyẹn. Bí kò bá sì tíì pé sáà mẹ́ta, owó ìfẹ̀yìntì náà kò sí. Ìyàwó àti ọmọ wà nínú ìṣirò yìí, àwọn tó ń pariwo kò kàn kà wọ́n mọ́ ọn ni. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin fi máa ń dákẹ́: wọ́n mọ̀ pé ìpè kan sí ọlọ́pàá lè gba oúnjẹ lẹ́nu gbogbo ilé.

Ewu ńlá tún wà níbẹ̀. Ìwádìí tí Jacquelyn Campbell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ìlú 11 ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2003, fi hàn pé àìníṣẹ́lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń lu obìnrin wà lára ohun tó ń fi kún ewu pé yóò pa á, ìbọn inú ilé sì tún ń fi kún un gan-an. Kíláàbù tó bá lé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, tí kò sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ ṣáájú, ti rán an padà sílé tòun ti ìbínú.

Lójú tèmi, òfin tí líìgì besibọ́ọ̀lù àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù jọ ṣe ní oṣù kẹjọ 2015 ló súnmọ́ ohun tó yẹ jù. Ọ̀gá àgbà lè dá agbábọ́ọ̀lù dúró fún ọjọ́ méje pẹ̀lú owó rẹ̀ kí wọ́n lè ráyè wádìí. Wọ́n lè ní kó kó kúrò nínú ilé tó ń bá obìnrin náà gbé, kó dín bó ṣe ń rí i kù, kó kó ohun ìjà sílẹ̀, kó máa lọ sọ́dọ̀ olùgbani-nímọ̀ràn, kó sì máa san owó ìtọ́jú ọmọ tí ilé ẹjọ́ bá pa láṣẹ. Gbogbo èyí ń dáàbò bo obìnrin, iṣẹ́ kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin.

Ìwádìí yẹn kò gbọdọ̀ dúró de ilé ẹjọ́, nítorí ẹjọ́ máa ń tú ká nígbà tí olùfisùn kò bá wá. Kí wọ́n tètè béèrè fún fídíò hòtẹ́ẹ̀lì láàárín ọjọ́ díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló ń gba àwòrán tuntun lé èyí tó ti wà níbẹ̀. Kí wọ́n wá ìwé ilé ìwòsàn, àwòrán ojú ọgbẹ́, àti ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ìwádìí tí Robert Mueller, ọ̀gá àgbà tẹ́lẹ̀ fún FBI, àwọn ọlọ́pàá ìwádìí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ṣe lórí ọ̀rọ̀ Rice, tó jáde ní oṣù kìíní 2015, sọ pé ohun tí NFL ti mọ̀ tó láti mú kí wọ́n túbọ̀ tọpinpin, wọn ò sì ṣe é.

Ìyọṣẹ́ wà fún ẹni tó bá parọ́ fún àwọn olùwádìí, ẹni tó bá rú òfin ilé ẹjọ́ tó ní kó jìnnà sí obìnrin náà, tàbí ẹni tó bá tún un ṣe. Kansas City Chiefs lé Kareem Hunt ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2018, wọ́n ní kò sọ òótọ́ fún àwọn lórí bó ṣe kọlu obìnrin kan ní hòtẹ́ẹ̀lì. Kò pé oṣù mẹ́ta tí Cleveland Browns fi gbà á. Ìdádúró ìdíje mẹ́jọ tí líìgì fún un ló tẹ̀ lé e dé ibẹ̀. Torí náà, ìyà tó bá máa nípa, ọwọ́ líìgì ló ti gbọ́dọ̀ wá, kó lè bá a dé kíláàbù tuntun.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà kò kéré mọ́. Ẹ̀yin òbí àti ìyàwó wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìpínrọ̀ 11 yẹn kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Olóòtú, bí irú ìròyìn yìí bá tún dé ọwọ́ yín, ẹ bá wa béèrè bóyá wọ́n bi obìnrin náà ní ọ̀rọ̀ lóun nìkan, ìpínrọ̀ wo nínú ìwé àdéhùn ni wọ́n lò, àti ibo ni owó tí wọ́n dá dúró ń lọ. Ẹ má sì tẹ àwòrán ibi tí wọ́n ti ń lù ú.

Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn