Ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yin oníbàárà wa tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Òkè-Ògùn

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

A kí yín, a sì dúpẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìbàdàn ni ẹ ń gbé kẹ̀kẹ́ ológeere yín wá. Bí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń bi wá léèrè ohun tó yẹ kí ẹ pèsè kí ẹ tó gba ọ̀nà Mọníyà lọ sí Ìsẹ́yìn, kí ẹ sì ti ibẹ̀ yà sí Adó-Àwáyè lọ wo adágún omi tó wà lórí òkè. Láti Mọníyà sí Ìsẹ́yìn nìkan tó nǹkan bíi kìlómítà 65. Ìmọ̀ràn wa ni pé ohun tí ẹ kò lè rí rà lábúlé ni kí ẹ gbé dání. Gààrí, ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi inú ọ̀rá wà káàkiri ojú ọ̀nà. Táyà tó bá kẹ̀kẹ́ yín mu ló ṣọ̀wọ́n.

Lára táyà yín, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí wọ́n tẹ̀ mọ́ rọ́bà rẹ̀, bíi 47-559 tàbí 37-622. Ti àkọ́kọ́ ń sọ bí táyà náà ṣe fẹ̀ tó, èkejì sì ń sọ ìwọ̀n rííìmù tó lè jókòó lé, ní mìlímítà. Èkejì yìí ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko sábà máa ń lo 635, tí wọ́n ń pè ní 28. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí ẹ ń rà lóde òní ń lo 622, wọ́n sì lè kọ 28 sára òun náà. Mìlímítà 13 ló wà láàárín àwọn méjèèjì: táyà tó tóbi yóò máa bọ́ lórí rííìmù kékeré, èyí tó kéré kò sì ní wọ rííìmù ńlá rárá. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé táyà 28 wá fún yín lójú ọ̀nà, ẹ wo nọ́ńbà yẹn kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ ẹnu tíúbù tún wà níbẹ̀. Mọ́tò àti ọ̀kadà ni àwọn fọkanáísà ń fẹ́ táyà fún, ṣùgbọ́n ẹnu tíúbù ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó wà fún eré sísá tín-ín-rín, ó sì ní nọ́ọ̀tì kékeré lórí tí a gbọ́dọ̀ tú díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó lè wọlé. Irinṣẹ́ fọkanáísà kò lè mú un. Idẹ kékeré kan wà, tí kò tóbi ju èékánná lọ, tí a ń yí mọ́ ọn lórí kí ó lè bá ti mọ́tò mu. Ẹ ra méjì, nítorí ó rọrùn láti sọnù. Ẹ kó tíúbù tuntun méjì, pọ́ǹpù ọwọ́ àti ohun èlò ìlẹ̀ táyà mọ́ ọn. Bí ẹ̀gún bá gún táyà, ẹ fi ìka tọ inú rẹ̀ yípo, jẹ́jẹ́, kí ẹ tó fi tíúbù mìíràn sí i, torí ṣóńṣó ẹ̀gún tó ṣẹ́ kù síbẹ̀ yóò tún gún tuntun náà láìpẹ́.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni ẹrù máa ń wọ̀ lọ́rùn jù, sípóòkù (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́ rííìmù) ọwọ́ ọ̀tún ló sì sábà máa ń já níbẹ̀, nítorí pé gíà ti gba àyè ní ẹ̀gbẹ́ yẹn, a sì ní láti fa sípóòkù ibẹ̀ le ju ti òsì lọ. Láti pààrọ̀ rẹ̀, a ní láti kọ́kọ́ tú gíà kúrò, irinṣẹ́ tí a fi ń tú u kò sì wọ́pọ̀ lábúlé. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ gbé kẹ̀kẹ́ wá ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìn-àjò, kì í ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la. Wáyà bíréèkì tuntun máa ń dẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti lò ó, sípóòkù tuntun náà sì máa ń fẹ́ kí a tún un fà. Ó yẹ kí ẹ gùn ún káàkiri ìlú, kí ẹ gbé e padà wá, kí a tún ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀mí yín wà lórí bíréèkì yẹn, a kò sì fẹ́ fi kánjúkánjú ṣe é.

Ní ti ara yín, ẹ gbéra ní kété tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ sinmi lábẹ́ igi nígbà tí oòrùn bá mú, kí ẹ sì wọ ìlú kí ilẹ̀ tó ṣú. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń ti ìhà àríwá ìlà-oòrùn wá, nítorí náà yóò máa fẹ́ lù yín láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bí ẹ bá ń lọ sí Ìsẹ́yìn; ẹ má fi gbogbo agbára yín ṣòfò ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí òógùn bá pọ̀, ẹ po ṣíbí ṣúgà kékeré mẹ́fà àti ìlàjì ṣíbí kékeré iyọ̀ mọ́ omi lítà kan, kí ẹ sì máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè bí ọ̀nà iwájú ṣe rí lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà, kí ẹ sì kí Baálẹ̀ kí ẹ tó sùn sí abúlé èyíkéyìí.

A kì í gba owó àyẹ̀wò. Ohun tí a bá pààrọ̀ nìkan ni ẹ ó sanwó rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ náà wá pẹ̀lú àpò tí ẹ fẹ́ so mọ́ ọn, kí ẹrù yín sì ti wà nínú rẹ̀, kí a lè wo bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń rù ú.